Ṣé ewé fúrúùtù ń pa bakitéríà ni, àbí ó kàn ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́?

Ọmọ Lágere (Ilé-Ifẹ̀) béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Akẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Ohun tí mo ń wádìí ni bóyá ewé igi fúrúùtù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Terminalia catappa, lè dí ìbánisọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn bakitéríà lọ́wọ́. Mo yan igi yìí nítorí pé ó wà káàkiri Ifẹ̀, ewé rẹ̀ sì máa ń wọ́ sílẹ̀ débi pé gbígbá rẹ̀ a máa sú àwọn tó ń tọ́jú àyíká.

Mo já ewé tútù, mo sá a sí ibòòji títí ó fi gbẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo rẹ ẹ́ sínú methanol, irú ọtí kan tí kì í ṣe mímu, mo sẹ́ ẹ, mo sì jẹ́ kí methanol náà gbẹ kúrò títí ó fi ku oje dúdú kan tó ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bakitéríà tí mo lò ni Chromobacterium violaceum, ìran ATCC 12472, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń di àlùkò nígbà tó bá ti pọ̀ tó. Mo tẹ́ ẹ sí ojú ágà, oúnjẹ bakitéríà tó dì bí ẹ̀kọ, nínú àwo, mo gbẹ́ ihò kéékèèké sí ojú ágà náà, mo sì kán oje ewé sínú wọn. Nígbà tí mo padà gbé àwo náà wò ní ọjọ́ kejì, gbogbo ojú rẹ̀ ti di àlùkò, àyàfi ẹ̀bá àwọn ihò náà, níbi tí òrùka kan tí kò ní àwọ̀ ti yí ihò kọ̀ọ̀kan ká.

Olùdarí iṣẹ́ mi wo àwo náà, ó sì bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé àwọn bakitéríà tó wà nínú òrùka yẹn ṣì wà láàyè, tí wọn kò kàn bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, tí kì í ṣe pé ewé náà ti pa wọ́n. Ó ní kí n lọ ronú sí i kí n tó padà wá. Mo ti ronú, mo sì ti kàwé, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń kà ń ta kora: àwọn kan wo irú òrùka yìí nìkan, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀; àwọn mìíràn ń béèrè ẹ̀rí tó pọ̀ débi pé n kò mọ ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tó wà ní àrọ́wọ́tó mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rí wo ló kéré jù tí mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó lè sọ pé ìbánisọ̀rọ̀ wọn ni ewé yìí dí? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ pé ó dí i, ibo gan-an ni ó ti dí i?

Olùkọ́ Làábù (Ilé-Ifẹ̀) dáhùn pé:

Ọmọ Lágere, olùdarí rẹ ṣe ọ́ lóore. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí fò dá.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí fún àwọn tí kò sí nínú iṣẹ́ wa. Ní ọdún 1970, Kenneth Nealson, Terry Platt àti Woodland Hastings kọ̀wé nípa àwọn bakitéríà inú òkun tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé bí a bá bu díẹ̀ nínú wọn sínú omi oúnjẹ tuntun, wọn yóò máa pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀ láì fi ìmọ́lẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ là yàà. Ọ̀kan nínú irú bakitéríà bẹ́ẹ̀, Vibrio fischeri, ń gbé nínú àpò kékeré kan lára squid, ẹran omi kékeré kan ní etíkun Hawaii, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní òru ni kì í sì í jẹ́ kí àwọn ẹja tó ń dọdẹ láti ìsàlẹ̀ rí òjìji squid náà. Ọdún 1981 ni wọ́n mọ irú kẹ́míkà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di 1994, Fuqua, Winans àti Greenberg fún gbogbo ètò yìí ní orúkọ tí a ń pè é títí di òní, quorum sensing.

Ó dà bí ìpàdé onílé àdúgbò tí kì í ṣe ìpinnu kankan àfi bí àwọn tó jókòó bá pé iye kan. Bakitéríà kọ̀ọ̀kan ń ṣe kẹ́míkà kékeré kan, ó sì ń tú u síta gẹ́gẹ́ bí àmì. Nígbà tí wọn kò tíì pọ̀, àmì yìí á fọ́n ká, á sì nù. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tí wọ́n sì sún mọ́ra, yóò kó jọ, yóò padà wọ inú wọn, yóò so mọ́ purotéènì kan tó ń dúró dè é, purotéènì náà yóò sì jí àwọn jíìnì kan tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn bakitéríà tí à ń pè ní Gram-negative, àmì náà sábà máa ń jẹ́ acyl homoserine lactone, tí a ń ké kúrú sí AHL. Àwọn Gram-positive bíi Staphylococcus aureus ń lo ègé purotéènì kéékèèké. Nínú Chromobacterium tìrẹ, CviI ló ń ṣe àmì, CviR ló ń gbà á, ohun tí wọ́n sì ń jí ni àwọn jíìnì tó ń ṣe violacein, ìyẹn àwọ̀ àlùkò tí o rí. Nítorí náà ibi mẹ́ta ni ewé kan ti lè dí ọ̀rọ̀ náà: ó lè má jẹ́ kí wọ́n ṣe àmì, ó lè ba àmì jẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì lè gba àyè àmì lára ẹni tó yẹ kó gbà á.

Ìdí tí èyí fi kan ilé-ìwòsàn ni Pseudomonas aeruginosa, tó máa ń wọ ojú egbò àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní irú ètò yìí tó ju ẹyọ kan lọ, Las, Rhl àti Pqs, òun ló sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí ó tú oró síta àti ìgbà tó yẹ kí ó kọ́ biofilm, awọ yíyọ̀ tí wọ́n fi ń bo ara wọn tí oògùn kì í fi rọrùn láti ràn wọ́n. Ìrètí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá dí ìbánisọ̀rọ̀ wọn láì pa wọ́n, oró wọn yóò dínkù, a kò sì ní máa tì wọ́n láti wá ọ̀nà àbáyọ bí antibáyótíìkì ṣe ń tì wọ́n.

Ó yá, àwo rẹ. Gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí o sì wo òrùka náà láti ẹ̀yìn. Ibi tí ó bá mọ́ gaara, bakitéríà kò hù níbẹ̀. Ewé náà pa wọ́n tàbí ó dá wọn dúró. Ibi tí ó bá ṣú tí ó sì funfun díẹ̀, bakitéríà hù níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò ṣe àwọ̀. Méjèèjì sábà máa ń wà lẹ́bàá ihò kan náà, èyí tó mọ́ gaara ní inú níbi tí oje ti nípọn jù, èyí tó ṣú ní òde rẹ̀. Fi rúlà wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe gbára lé ihò inú ágà nìkan, nítorí pé ìwọ̀n oje tó dé ibì kọ̀ọ̀kan kò hàn sí ọ.

Ohun tí màá ní kí o ṣe lẹ́yìn náà ni kí o wá ìwọ̀n oje tó kéré jù tí kò fi ní jẹ́ kí bakitéríà náà hù rárá, kí o wá sọ̀kalẹ̀ sí ìdajì rẹ̀, ìdámẹ́rin rẹ̀ àti ìdámẹ́jọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù. Nínú ife kọ̀ọ̀kan, ka iye bakitéríà tó wà láàyè: fi omi iyọ̀ là á léraléra, tẹ́ ẹ sí ágà tuntun, kí o ka èyí tó bá hù. Má ṣe fi ìṣú omi lójú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ní 600 nm nìkan ṣe ẹ̀rí, torí pé oje ewé fúrúùtù ní àwọ̀ tirẹ̀, violacein náà ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀. Fi butanol tàbí DMSO yọ violacein jáde, wọ̀n ọ́n ní 585 nm, kí o sì fi iye bakitéríà tó wà láàyè pín in. Bí àwọ̀ bá lọ sílẹ̀ ní ìdajì tí iye bakitéríà náà sì lọ sílẹ̀ ní ìdajì, o kò tíì rí nǹkan kan. Kí ife kan wà tí o fi ohun tí o fi yọ́ oje náà nìkan sí, kí òmíràn sì wà tó jẹ́ oje láìsí bakitéríà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le jù ṣì wà níwájú. Bí bakitéríà bá wà láàyè tí kò sì ní àwọ̀, ṣé àmì ni kò gbà ni, àbí ọ̀nà tó ń gbà po àwọ̀ ni ewé náà bàjẹ́? Inú tryptophan, ọ̀kan nínú àwọn èròjà purotéènì, ni wọ́n ti ń ṣe violacein, ohunkóhun tó bá sì da iṣẹ́ yẹn rú yóò mú àwọ̀ lọ láì kan ìbánisọ̀rọ̀ rárá. CV026 ló máa ń ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ìran Chromobacterium yìí ni wọ́n ti ba CviI rẹ̀ jẹ́, tí kò lè ṣe àmì fúnra rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń gbà á bí a bá fún un láti òde. Fún un ní AHL àti oje ewé pọ̀. Bí àwọ̀ kò bá jáde, máa fi AHL kún un díẹ̀díẹ̀. Bí àwọ̀ bá ń padà bí AHL ṣe ń pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí oje náà máa bá àmì du àyè lára CviR, ó sì ṣeé ṣe kí ó máa ba àmì náà jẹ́. Láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, po oje àti AHL pọ̀ nínú ife tí kò sí bakitéríà kankan nínú rẹ̀, fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fi ethyl acetate fa AHL náà padà, kí o wò ó bóyá CV026 ṣì ń gbọ́ ọ. Má gbàgbé láti wọn pH, torí pé bí omi náà bá ti kọjá pH 7 sókè, AHL a máa fọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ewé mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, lọ sórí Pseudomonas. Fi chloroform fa pyocyanin, àwọ̀ búlúù rẹ̀, kí o sì gbé e sínú ásíìdì kí o tó wọ̀n ọ́n ní 520 nm. Wo biofilm rẹ̀. Wo bí ó ṣe ń rìn lójú ágà rírọ̀. Bí ohun mẹ́ta tí kò jọ ara wọn bá lọ sílẹ̀ pọ̀ nígbà tí iye bakitéríà kò yí padà, èmi yóò gbà ọ́ gbọ́.

Àti pé kí o máa wọ ìbọ̀wọ́. Chromobacterium kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí ó bá gba ojú egbò wọlé, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Apòògùn Mọ́ọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀) dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ ti sọ ti bakitéríà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewé, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ bakitéríà ti sábà máa ń mẹ́hẹ. Mú ẹ̀ka kan tó ní ewé àti èso lọ sí ilé-ìpamọ́ ewéko tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko nínú ọgbà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Terminalia kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdígbó àti afárá pẹ̀lú wà nínú ẹbí náà, igi ilẹ̀ wa sì ni àwọn yẹn, nígbà tí fúrúùtù jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ Éṣíà. Kọ ibi tí o ti já a sílẹ̀, kọ oṣù tí o já a, kí o sì sọ bóyá ewé tútù ni tàbí èyí tó ti pọ́n kí ó tó já bọ́, nítorí pé ohun tó wà nínú ewé igi yìí a máa yí padà bí ó ṣe ń pọ́n.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan láti orílẹ̀-èdè Philippines tẹ iṣẹ́ jáde tó fi hàn pé apá tí tannin pọ̀ sí nínú ewé Terminalia catappa dí àwọ̀ Chromobacterium violaceum lọ́wọ́, tó sì dí dídàgbà biofilm Pseudomonas aeruginosa pẹ̀lú. Kì í ṣe ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí náà ó yẹ kí iṣẹ́ rẹ fi nǹkan kún ohun tí wọ́n sọ, pàápàá ní ti ibi tí ewé náà ti ń dí ọ̀rọ̀.

Tannin yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Òun ló máa ń fún ahọ́n pọ̀ nígbà tí a bá jẹ ewé tàbí èso tí kò tíì pọ́n. Ó ń so mọ́ oríṣiríṣi purotéènì tó bá bá pàdé, ó sì ń di irin mú tí kò fi ní kan bakitéríà dáadáa. Ohun tó bá ń so mọ́ purotéènì káàkiri, kí ni yóò jẹ́ kí a dá CviR nìkan yà sọ́tọ̀ pé òun ló ń lépa? Pín oje rẹ sí méjì, fi PVPP, ìyẹ̀fun kan tí tannin máa ń lẹ̀ mọ́, fa tannin kúrò nínú apá kan, kí o sì dán apá méjèèjì wò. Bí iṣẹ́ náà bá bá tannin lọ, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kù sẹ́yìn, ìyẹn ni màá fẹ́ kí o tẹ̀ lé, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ flavonoid, irú kẹ́míkà ewéko mìíràn, irú èyí tí wọ́n ti rí nínú ewé gúrófà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bákan náà, ṣe oje olómi pẹ̀lú ti methanol. Ẹnikẹ́ni kì í fi methanol se àgbo.

Ẹ má rò pé láti inú egbòogi ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Delisea pulchra, koríko pupa kan nínú òkun ní Australia, ló kọ́kọ́ la ojú àwọn onímọ̀. Ó ń ṣe furanone, kẹ́míkà tó fẹ́ jọ AHL, kì í sì í jẹ́ kí bakitéríà bo ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ Michael Givskov kọ nípa rẹ̀ ní 1996, nígbà tó sì di 2003, furanone tí wọ́n fúnra wọn ṣe láti inú àpẹẹrẹ rẹ̀ ran àwọn eku tí Pseudomonas wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ́wọ́. Oró tó wà nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó di oògùn ènìyàn. Láti ìgbà náà, àwọn ohun tó wà ní ilé ìdáná ti wọ ìwé: ajoene inú aáyù, eugenol inú kànáfùrù, gingerol inú atalẹ̀. Aáyù ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ní 2010, wọ́n tẹ èsì ìdánwò kékeré kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 26 tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró cystic fibrosis tí Pseudomonas sì ń bá fínra. Àwọn kan lo òróró aáyù, àwọn kan lo èyí tí kò sí aáyù nínú rẹ̀. Èsì náà kò fi ìyàtọ̀ tó dájú hàn. Ó ṣiṣẹ́ nínú àwo, ó ṣiṣẹ́ nínú eku, nígbà tó dé ara ènìyàn, kò sí ohun tí a lè tọ́ka sí.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń yan ewé, pákò ni n bá yàn. Biofilm ni ohun tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, bakitéríà inú rẹ̀ sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀; ẹnu sì jẹ́ ibi tí oje igi náà ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn láì kọ́kọ́ gba inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá. Orin ata kò sì jẹ́ àjèjì sí Ifẹ̀, nítorí pé láti 1971 ni Ṣófowórà àti Isaacs ti kọ nípa ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n o ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fúrúùtù, parí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìṣokùn (Iléṣà) kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ojú egbò àwọn alátọ̀gbẹ ni mo ń tọ́jú jù lọ, mo sì mọ Pseudomonas tí ẹ ń sọ yìí dáadáa, nítorí pé ọyún aláwọ̀ ewé tó máa ń fi sílẹ̀ lára báńdéèjì kò ṣeé ṣì mọ̀. Nígbà mìíràn èsì àyẹ̀wò yóò dé pé àwọn oògùn tí a ní lọ́wọ́ kò ràn án. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ti fún ewé Akíntọ́lá sí ojú egbò kí wọ́n tó wá bá wa. Ní báyìí, àwọn ọmọ wọn ń ka ọ̀rọ̀ bí irú èyí lórí fóònù, wọ́n sì ń bi mí bóyá kí wọ́n máa fi omi ewé fúrúùtù tàbí ti gúrófà fọ egbò, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wí, kò ní pa ara tó wà láàyè, bakitéríà nìkan ni yóò dákẹ́. Kí ni kí n dá wọn lóhùn? N kò fẹ́ bú ewé tí àwọn ìyá wa ti ń lò, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù ẹsẹ̀.

Olùkọ́ Làábù (Ilé-Ifẹ̀) dáhùn pé:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ènìyàn wa. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Ìdí àkọ́kọ́ kò nílò ìmọ̀ tuntun kankan: omi ewé tí a sè nílé, tí a sì fi ìgò dúró dè fún ọjọ́ mélòó kan, ní bakitéríà tirẹ̀ nínú, ewé tútù tí a fún láti inú oko sì lè gbé erùpẹ̀ tó ní ohun tó ń fa àìsàn ipá (tetanus) wọ ojú egbò.

Ìdí kejì ti inú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ wá. Ohun tó ń dí ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kò pa bakitéríà. Ó kàn ń dín oró rẹ̀ kù kí ọmọ ogun ara lè ráyè parí iṣẹ́ ni. Ara alátọ̀gbẹ ni ọmọ ogun yìí kì í ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Biofilm tó ti dàgbà sórí ẹran ara tó ti kú kò ní tú nítorí pé a dí àmì; ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé abẹ ni wọ́n fi ń gé irú ẹran bẹ́ẹ̀ kúrò kí egbò tó lè jinná. Bí ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ewé àwọn ìyá wa, ẹ ní kí wọ́n sọ orúkọ ewé tí wọ́n ti fi sí i fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn, nítorí pé ó wúlò fún dókítà láti mọ ohun tó ti kan egbò náà.

Ọmọ Ọbọkún (Iléṣà) kọ ọ́ pé:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín tipẹ́, mo sì fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ibì kan tí Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ gbà kọjá wéré, ìyẹn ìrètí pé bakitéríà kò ní wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 2012, wọ́n tẹ iṣẹ́ jáde tó fi hàn pé àwọn Pseudomonas kan ti ní àyípadà nínú jíìnì mexR àti nalC, àyípadà tó jẹ́ kí wọ́n máa fa furanone síta kúrò nínú ara wọn, irú ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń fa antibáyótíìkì síta. Èyí sì wà láàárín irú èyí tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn pẹ̀lú. Ohun kejì ni pé nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ti ń ṣàìsàn cystic fibrosis tipẹ́, ó wọ́pọ̀ láti bá Pseudomonas tí jíìnì lasR rẹ̀ ti bàjẹ́. Irú èyí kò gbọ́ àmì Las mọ́, síbẹ̀ ó ń gbé, ó sì ń pọ̀. Ọ̀nà tí a ń wá yìí lè wúlò ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, tàbí lára ohun èlò bíi rọ́bà ìtọ̀ kí bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí pẹ̀lú antibáyótíìkì. N kò rò pé ó lè gba ipò antibáyótíìkì.

Ọmọ Lágere (Ilé-Ifẹ̀) kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe ní kí n ṣe é: inú òrùka mọ́ gaara, òde rẹ̀ ṣú, èyí tó ṣú náà kò sì fẹ̀ tó èyí tó mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwọ̀n tó kéré jù. Ẹnì kan ní yàrá ìwádìí mìíràn ti ṣèlérí pé òun yóò fún mi ní CV026 àti AHL díẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ATCC 12472 tí mo ní, kí n ṣe èkejì pẹ̀lú CV026, kí n sì gbé èsì méjèèjì lé ara wọn?

Olùkọ́ Làábù (Ilé-Ifẹ̀) dáhùn pé:

O lè ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n má gbé wọn lé ara wọn bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Inú ATCC 31532 ni wọ́n ti ṣe CV026, àmì tí èyí sì ń lò jù ni AHL tí ìrù rẹ̀ ní kábọ̀nù 6. Àmì tí 12472 ń lò ní ìrù kábọ̀nù 10, CviR tirẹ̀ pẹ̀lú sì yàtọ̀ díẹ̀. Bí oje rẹ bá dí ọ̀kan tí kò sì dí èkejì, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn CviR méjèèjì lo rí. Bí o bá lè rí 31532 gbà, fi òun rọ́pò 12472. Bí o kò bá rí i, sọ ìyàtọ̀ yìí nínú ìwé rẹ kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà bá ọ sọ ọ́.

Ní ti AHL tí wọ́n fẹ́ fún ọ, má ṣe là á sínú omi kí o wá fi pamọ́, yóò bàjẹ́. Inú ethyl acetate tí a kán ásíìdì díẹ̀ sí ni kí o fi í sí, nínú firísà. Nígbà tí o bá fẹ́ lò ó, kọ́kọ́ kán an sínú ife tó ṣófo, jẹ́ kí ethyl acetate náà gbẹ kúrò pátápátá, kí o tó da omi oúnjẹ àti bakitéríà lé e, nítorí pé ethyl acetate fúnra rẹ̀ lè pa CV026, ìwọ yóò sì tún padà wá bi wá bóyá ewé ló pa á.